Ojú Kẹ́hìndé Ni Wọ́n Fi Ya Táíwò: Sáyẹ́ǹsì Inú Fọ́tò Ìbejì

Ẹ bá mi ṣe ìṣirò kékeré kan kí a tó wọnú ọ̀rọ̀ fọ́tò. Láàárín ọdún 1960 sí 1970 àti díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, dókítà kan tó ń jẹ́ P. P. S. Nylander ka iye ìbejì tí wọ́n ń bí ní ilẹ̀ Yorùbá, pàápàá ní Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà. Ohun tó rí ni pé nínú 1,000 ìbímọ, nǹkan bí 45 ló ń jẹ́ ìbejì. Ní Yúróòpù lásìkò yẹn, iye náà kò fi bẹ́ẹ̀ ju 10 sí 12 lọ. Ṣùgbọ́n oríṣi ìbejì kan wà tí iye rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ láti ilẹ̀ kan sí òmíràn: àwọn tó wá láti inú ẹyin kan ṣoṣo tó pín sí méjì, tí ojú wọn jọra débi pé ìyá wọn gan-an lè ṣi ọ̀kan pè. Yálà ní Ìgbájọ ni o, yálà ní Japan ni, irú wọn kì í ju nǹkan bí 4 nínú 1,000 ìbímọ lọ.

Ẹ yọ 4 kúrò nínú 45, ó ku 41. Àwọn 41 yìí ni ìbejì ẹlẹ́yin méjì. Wọn ò jọra ju bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ṣe ń jọra lọ, àfi pé inú oyún kan náà ni wọ́n jọ gbé. Nǹkan bí ìdajì wọn sì máa ń jẹ́ akọ kan, abo kan. Tí a bá pa gbogbo rẹ̀ pọ̀, nínú 45 ìbejì ilẹ̀ Yorùbá, nǹkan bí 20 ló jẹ́ ọkùnrin pẹ̀lú obìnrin. (Ẹni tó bá fẹ́ bi mí nípa iṣu àti ọbẹ̀ ìlasa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀ di ọjọ́ mìíràn. Mi ò tíì rí ẹ̀rí tó tẹ́ mi lọ́rùn.)

Ẹ fi iye yẹn sọ́kàn, 20 nínú 45. Òun ló máa jẹ́ ká mọ bí iṣẹ́ tí àwọn fọtógíráfà agbègbè wa ṣe nígbà kan ṣe ṣòro tó, àti ìdí tí mo fi gbà pé kò sí àwòrán iṣẹ́ ọnà kan lóde òní tó jinlẹ̀ jù ú lọ.

Ní 1975, ará Amẹ́ríkà kan tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ fọtógíráfà, Stephen Sprague, wá sí Ìlá Ọ̀ràngún, tí kò jìnnà sí Ìgbájọ tiwa. Kì í ṣe pé ó kàn fẹ́ fi kámẹ́rà tirẹ̀ yà wá kó sì máa lọ. Ó fẹ́ mọ bí àwa ṣe ń ya ara wa. Ó jókòó ti àwọn oníṣọ́ọ̀bù fọ́tò, ó wo iṣẹ́ wọn, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, ó sì kọ ohun tó rí sínú ìwé àtìgbàdégbà African Arts ní 1978. Àkọlé rẹ̀ ló wù mí jù: bí àwọn Yorùbá ṣe ń rí ara wọn. Ó ṣàlàyé fọ́tò àgbà tí gbogbo wa mọ̀: bàbá jókòó gbọnrangandan, ọwọ́ méjèèjì lórí orúnkún, agbádá tẹ́ jáde sọ́tùn-ún sósì, ojú kọ kámẹ́rà tààrà, kò rẹ́rìn-ín. Ẹ wọ ilé àtijọ́ èyíkéyìí ní Ìgbájọ, ẹ wọ Ìrèé, ẹ wọ Ọ̀tan Ayégbajú, ẹ máa bá ọ̀kan lára ògiri, á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà.

Ṣùgbọ́n apá kan nínú ìwé Sprague ló jẹ́ kí n máa ronú láti ìgbà tí mo ti kà á. Ó ní bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, fọtógíráfà á ya èyí tó kù nìkan, á wá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kó lè dà bíi pé àwọn méjèèjì jókòó ti ara wọn. Bó bá jẹ́ akọ àti abo ni wọ́n, ọmọ tó kù á kọ́kọ́ wọ aṣọ tirẹ̀, wọ́n á yà á. Lẹ́yìn náà á wọ aṣọ irú èyí tí ẹni kejì rẹ̀ ìbá wọ̀, wọ́n á tún un yà. Ìbẹ́ta náà wà níbẹ̀: ọmọ kan ṣoṣo, ìjókòó mẹ́ta.

Ẹni tó bá wo ìṣirò wa lókè á rí i pé wíwọ aṣọ akọ fún abo yìí kì í ṣe ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo ìbejì. Ìbejì sì ń kú nígbà yẹn. Wọ́n sábà máa ń tètè dé, wọ́n máa ń kéré, kò sì sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè gbé wọn sí ní ọ̀pọ̀ ìlú.

Gbogbo wa la mọ ère ìbejì. Tí ọ̀kan bá lọ, wọ́n á wádìí lọ́dọ̀ Ifá, agbẹ́gilére á gbẹ́ ère, ìyá á máa wẹ̀ ẹ́, á máa fún un lóúnjẹ, á máa pọ̀n ọ́n. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ìdílé di Mùsùlùmí tàbí Kìrìsìtẹ́nì, ère nínú yàrá di ohun tí ẹnu ń kùn sí. Fọ́tò ò ní ìṣòro yẹn. Kò sí àlùfáà tó máa bá ẹnì kan jà pé ó gbé fọ́tò ọmọ rẹ̀ kọ́ ògiri. Sprague ṣàlàyé pé fọ́tò lè gba ipò ère nílé irú àwọn bẹ́ẹ̀.

Ibí ni sáyẹ́ǹsì ti wọlé, lójú tèmi. Agbẹ́gilére lè gbẹ́ ẹni tí kò rí rí. Igi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, orí rẹ̀ ló fi ń ronú. Kámẹ́rà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Kámẹ́rà ò mọ ẹnikẹ́ni. Ìmọ́lẹ̀ ló mọ̀. Kí àwòrán tó lè wà, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ ta lu ara kan, kó padà, kó gba inú lẹ́ńsì kọjá, kó kan fílíìmù. Bí kò bá sí ara, kò sí àwòrán. Torí náà, nígbà tí ìyá dé ṣọ́ọ̀bù tó ní kí wọ́n ya Táíwò òun tó ti lọ, fọtógíráfà ní láti wá ara tí ìmọ́lẹ̀ máa ta lù. Ara wo ló sún mọ́ Táíwò jù láyé? Ti Kẹ́hìndé ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é gan-an, torí ọ̀pọ̀ àwọn ẹgbẹ́ mi rò pé fóònù ló kọ́kọ́ kọ́ wa ní irú àrà yìí.

Fílíìmù dúdú-àti-funfun jẹ́ ike tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi jẹ́látìn bò, ìyẹn ohun tó dà bíi gọ́ọ̀mù tí wọ́n ń sè jáde lára awọ àti egungun ẹran. Inú jẹ́látìn yẹn ni wóró fàdákà bíróómáìdì wà, wọ́n kéré débi pé ojú lásán ò lè rí wọn. Tí ìmọ́lẹ̀ bá kan wóró kan, átọ̀mù fàdákà díẹ̀ á kóra jọ lára rẹ̀. Bíi mẹ́rin péré ti tó. Ẹ ò tíì lè rí nǹkan kan ní àkókò yìí; àwòrán ti wà níbẹ̀ ṣùgbọ́n ó fara pamọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ri fílíìmù sínú omi dẹ́fẹ́lópà ni wóró tí ìmọ́lẹ̀ ti kàn á wá yí padà di fàdákà dúdú, tí èyí tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn á sì dúró bó ṣe wà. Hydroquinone wà lára kẹ́míkà tó ń ṣiṣẹ́ yìí, òun kan náà tó wà nínú ọ̀pọ̀ ìpara tí wọ́n fi ń bóra. (Ohun tó ń mú fọ́tò dúdú ló tún ń mú awọ èèyàn pupa. Ayé ọ̀hún!) Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n á kó o sínú háípò, tó ń fọ gbogbo wóró tí ìmọ́lẹ̀ ò kàn dànù, kí àwòrán má bàa tún yí padà nígbà tó bá jáde síta. Ìyẹn ni wọ́n ń pè ní nẹ́gẹ́tíìfù: ibi tó funfun lára èèyàn dúdú níbẹ̀, ibi tó dúdú mọ́ gaara.

Láti fọ fọ́tò, bí àwọn àgbà ṣe máa ń sọ ọ́, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀ gba inú nẹ́gẹ́tíìfù sórí bébà tí wọ́n fi irú fàdákà kan náà bò. Gbogbo rẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú yàrá tí gílóòbù pupa nìkan ń tàn. Kí ló dé tí pupa ò ba bébà jẹ́? Ẹyọ ẹyọ ni ìmọ́lẹ̀ ń rìn, agbára tó wà nínú ẹyọ kan sì dá lórí àwọ̀ rẹ̀. Ẹyọ ìmọ́lẹ̀ pupa ò ní agbára tó láti ta fàdákà bíróómáìdì jí. Ti búlúù ní i.

Ọ̀nà méjì ló wà láti mú ọmọ kan di méjì. Ọ̀kan wà nínú kámẹ́rà fúnra rẹ̀: wọ́n á fi páálí dúdú bo ìdajì ojú lẹ́ńsì, ọmọ á jókòó sápá kan, wọ́n á yà á, wọ́n á wá gbé páálí sí ìdajì kejì láìyí fílíìmù, ọmọ á bọ́ sí apá kejì. Ọ̀nà kejì wà nínú yàrá òkùnkùn: wọ́n á bo ìdajì bébà, wọ́n á tan nẹ́gẹ́tíìfù àkọ́kọ́ sí ìdajì tó kù, wọ́n á sì ṣe èkejì bákan náà. Nínú méjèèjì, ibi tí ìṣòro wà ni àárín. Bí páálí bá sún díẹ̀ báyìí, ẹ máa rí ìlà dúdú tàbí ìlà funfun láàárín àwọn ọmọ.

Ní Ìgbájọ, bàbá kan wà tó ya fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ojú rẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Bàbá Fọ́tò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Mo lọ kí i nígbà tí mo wálé lọ́dún tó kọjá, mo bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ̀yin náà ya irú fọ́tò ìbejì yẹn rí?"

Ó wò mí. "Mélòó lo fẹ́ kí n kà fún ẹ?"

Ó ní ìlà àárín kọ́ ló máa ń bá òun lẹ́rù jù. Kùrukùru ni. Inú àgbàlá lábẹ́ oòrùn lòun ti ń ya èèyàn. Ẹ ya ọmọ tán lápá kan, ó kù kí ẹ pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ọmọ á bú sẹ́kún, torí kò mọ ìdí tí wọ́n fi ń bọ́ aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ fún un. Kí ẹ tó rẹ̀ ẹ́, ojú ọ̀run ti ṣú. "Tó o bá yà á bẹ́ẹ̀, Táíwò á dúdú ju Kẹ́hìndé lọ. Ìyá wọn á kàn máa wò ẹ́ ni." Ó ní ọ̀nà tóun gbà ni kóun máa ka iye ìmí, kóun sì dúró de oòrùn, kódà bó bá máa di ọjọ́ kejì. Ohun tí à ń fi mítà ìmọ́lẹ̀ ṣe lónìí ló ń fi ìmí ṣe.

Mo wá bi í ní ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo ní, "Ṣùgbọ́n, Bàbá, ojú wọn ò lè jọra tán. Ìbejì tiwa, ọ̀pọ̀ wọn ò jọra."

Ó ní, "Ta ló sọ pé wọ́n jọra? Ọmọ ni wọ́n ní kí n yà, wọn ò ní kí n ya ojú."

Mi ò rí ìdáhùn fún un, mi ò sì rò pé ó nílò ìdáhùn. Robert Farris Thompson, tó kọ nípa bí àwọn Yorùbá ṣe ń ṣèdájọ́ iṣẹ́ ọnà, tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan tí àwọn tó bá sọ̀rọ̀ lò: jíjora. Ère gbọ́dọ̀ jọ èèyàn, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ jọ ọ́ jù. Ère ìbejì gan-an kò jọ ọmọ ọwọ́. Ó ní irun dídì, ó lè ní ọmú, ó dúró bí àgbà, nígbà tó jẹ́ pé ọmọ oṣù mẹ́ta ló kú. Fọ́tò ìbejì gba ọ̀nà kan náà. Kò sọ fún ìyá pé báyìí ni Táíwò ìbá ṣe rí. Ó ní Táíwò wà, ó sì ní àyè tirẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Ibi tí mo ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ń dẹ́rù bà wá ni ọ̀rọ̀ àwòrán tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ní 2016, Elisabeth Bik àti àwọn méjì tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wo àpilẹ̀kọ 20,621 nípa ìmọ̀ ìṣègùn àti ohun alààyè, wọ́n rí i pé nínú 3.8% wọn, ó kéré tán àwòrán kan wà tí wọ́n tún lò lọ́nà tí kò yẹ: wọ́n mú àwòrán láàbù kan, wọ́n yí i díẹ̀, wọ́n ní òmíràn ni. Ẹni tí wọ́n bá ká mọ́ irú ẹ̀ lè pàdánù oyè. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: ohun tí àwọn onímọ̀ yẹn ṣe àti ohun tí Bàbá Fọ́tò ṣe, nípa iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀kan náà ni. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ẹni tó mọ̀. Òǹkàwé àpilẹ̀kọ ò mọ̀ pé wọ́n tan òun. Nínú fọ́tò ìbejì, ìyá mọ̀, bàbá mọ̀, fọtógíráfà mọ̀, ọmọ náà á dàgbà á mọ̀. Kò sí ẹni tí wọ́n purọ́ fún.

Àwọn tó ń ya àwòrán iṣẹ́ ọnà lónìí ò tíì kúrò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní 2019, Bénédicte Kurzen àti Sanne De Wilde gba ipò kìíní ní World Press Photo, ní ẹ̀ka ìtàn tí wọ́n fi fọ́tò ojú èèyàn sọ, fún iṣẹ́ tí wọ́n pè ní Land of Ibeji. Wọ́n fi ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi ya ìbejì Nàìjíríà, àwọn ti Igbó-Ọrà náà wà níbẹ̀. Stephen Tayo, ọ̀dọ́ fọtógíráfà tó fi Èkó ṣe ibùjókòó, náà ti ya ọ̀pọ̀ ìbejì nínú aṣọ tó jọra. Iṣẹ́ tó dùn ún wò ni. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, ẹwà jíjọra ló gba ojú wọn jù: ẹni méjì, aṣọ kan. Iṣẹ́ àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ìgbómìnà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ẹnì kan ò ti sí.

Ẹni tí mo rò pé iṣẹ́ rẹ̀ sún mọ́ ti Bàbá Fọ́tò jù, kò ya ìbejì rárá níbi tí mò ń sọ yìí. Leonce Raphael Agbodjelou ni, ọmọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní ilẹ̀ Benin. Bàbá rẹ̀, Joseph Moïse Agbodjelou, ti ń ya fọ́tò ní ìlú yẹn tipẹ́. Ọmọ wá ya eégún, nínú agọ̀ tó ń tàn yanran, wọ́n dúró síwájú ògiri bí ẹni tó wá ya fọ́tò ọdún. Ẹ rò ó wò. Kí ni eégún? Ará ọ̀run ni, ó wá sáyé, ṣùgbọ́n ó nílò ara kan lábẹ́ aṣọ kó tó lè rìn. Ọmọ tí wọ́n gbé aṣọ Táíwò wọ̀, tí wọ́n ní kó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, kí ló yàtọ̀? Mi ò sọ pé Bàbá Fọ́tò ń sin eégún o, ẹ má lọ sọ fún pásítọ̀ rẹ̀. Mo kàn ń sọ pé kò ní láti ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni ní Ìgbájọ pé ara alààyè lè gbé aṣọ ẹni tó ti lọ.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí: àwọn àwòrán yìí ń kú, kẹ́mísírì ló sì ń pa wọ́n.

Ṣọ́ọ̀bù kan wà tó ya ọ̀pọ̀ ìdílé ìlú wa nígbà kan. Lẹ́yìn tí olóhun kú, àwọn tó jogún rẹ̀ fẹ́ fi ibẹ̀ ṣe ibi tí wọ́n ti ń fi POS gba owó. Wọ́n kó páálí nẹ́gẹ́tíìfù síta, òjò pa á, wọ́n sì sun èyí tó kù. Wọn ò ṣe é tìkàtìkà. Ta ló fẹ́ ra nẹ́gẹ́tíìfù? Ṣùgbọ́n ẹ wo J. D. 'Okhai Ojeikere, tó bẹ̀rẹ̀ sí í ya irun dídì àwọn obìnrin ní 1968. Ó tọ́jú nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó yá, gbogbo ayé wá wò ó, títí dé Venice Biennale ní 2013, Bisi Silva sì ṣe ìwé ńlá nípa iṣẹ́ rẹ̀ ní 2014. Ẹ tún wo Solomon Osagie Alonge, fọtógíráfà ààfin Ọba Ìbíní: nítorí pé ohun tó yà wà nípamọ́, ilé ọnà Smithsonian ní Amẹ́ríkà ṣàfihàn rẹ̀ ní 2014, iṣẹ́ náà sì padà wá sí Benin City fún àwọn ará ìlú láti wò. Kò sí bí talẹ́ńtì ti pọ̀ tó, tí páálí bá ti jóná, ó parí.

Fún èyí tí kò jóná, ọ̀tá mẹ́ta ló ní. Àkọ́kọ́ ni háípò tí wọn ò fọ̀ kúrò tán. Ó gba omi púpọ̀ láti fọ̀ ọ́ kúrò lára bébà, ní ìlú orí òkè bíi tiwa sì rèé, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi, ta ló fẹ́ da omi gárawà mẹ́wàá sórí fọ́tò kan? Ìmí-ọjọ́ tó wà nínú háípò tó ṣẹ́kù á máa jẹ fàdákà inú àwòrán díẹ̀díẹ̀, á sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè àti búráùn. Ìmí-ọjọ́ kan náà ló ń mú yẹtí fàdákà ṣú. Èkejì ni ike fílíìmù fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ fílíìmù ìgbà yẹn jẹ́ àsítéètì. Tí ooru àti ọ̀rinrin bá bá a pẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú ásíìdì jáde. Tí ẹ bá ṣí páálí nẹ́gẹ́tíìfù tó ń rùn bíi fínígà, òun nìyẹn. Ásíìdì tó tú jáde á tún mú kí ìyókù tètè bàjẹ́, torí náà, ẹ yára yọ èyí tó ń rùn kúrò láàárín àwọn tó kù. Ẹ̀kẹta ni ohun tó ń mú búrẹ́dì bu. Jẹ́látìn jẹ́ oúnjẹ, ó kúkú wá láti ara ẹran. Ní àsìkò òjò, á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́.

Ẹ má sì rò pé fọ́tò aláwọ̀ ló sàn jù. Aró ló wà nínú ìyẹn, kì í ṣe fàdákà, aró sì ń ṣá. Fọ́tò dúdú-àti-funfun 1970 tí wọ́n fọ̀ dáadáa lè wà síbẹ̀ nígbà tí fọ́tò ìgbéyàwó 1988 bá ti pupa fòò.

Ìyá kan wà ní àdúgbò wa, ó ti lé ní 80 ọdún, tó ní fọ́tò bẹ́ẹ̀. Ọmọbìnrin méjì, ẹ ó rò bẹ́ẹ̀, àfi pé ọ̀kan wọ bùbá àti ṣòkòtò, ó dé fìlà. Kẹ́hìndé ni àwọn méjèèjì. Òun náà ti di ìyá àgbà báyìí, ó ń ta aṣọ. Mo bi í pé, "Mọ̀mí, èwo ni yín?" Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fọwọ́ kan ọ̀tún, ó ní, "Èmi rèé." Ó fọwọ́ kan òsì, ó ní, "Táíwò nìyí." Ìyá rẹ̀ ò sọ nǹkan kan nípa ìyẹn. Ohun tó fẹ́ mọ̀ ni bóyá àwọ̀ ìyeyè tó ń wọ́ bọ̀ láti etí bébà máa dé ojú àwọn ọmọ òun.

Mo sọ òótọ́ fún un pé ó máa dé ibẹ̀ lọ́jọ́ kan, pé a ò lè dá a padà, àmọ́ a lè mú kó pẹ́. Ohun tí a ṣe rèé, ẹ̀yin náà lè ṣe é nílé. Fọ́tò náà ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì férémù rẹ̀, torí jẹ́látìn máa ń rọ̀ tí ọ̀rinrin bá pọ̀, nítorí náà a ò fà á. Ẹni tó bá fà á, ojú ọmọ ló máa fà kúrò. Inú gíláàsì ibẹ̀ náà la ti yà á, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìlo fúláàṣì, fóònù kọjú sí i gbọọrọ, mo sì fi aṣọ dúdú dí ẹ̀yìn mi kí gíláàsì má bàa dán. A ya ẹ̀yìn rẹ̀ náà, torí ẹ̀yìn ni òǹtẹ̀ ṣọ́ọ̀bù àti ọdún máa ń wà. A fi ẹ̀dà pamọ́ sí ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Fọ́tò gan-an kúrò lára ògiri tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń bá, ó bọ́ sí ògiri àárín ilé tó tutù. Èyí tí kò bá sí nínú férémù, inú àpòòwé bébà ni kí ẹ fi sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, kí ẹ sì gbé e sókè kúrò nílẹ̀. Ìsàlẹ̀ pọ́tímántò abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ibi tó burú jù. Àwọn álúbọ́ọ̀mù olówó ńlá tó ní gọ́ọ̀mù àti ọ̀rá náà, ẹ yẹra fún wọn.

Ọmọ-ọmọ wọn kan ní kí òun gbé e sínú ápùù tó ń fi AI tún fọ́tò ṣe, kó mú ojú méjèèjì mọ́lẹ̀, àní kó tiẹ̀ ya Táíwò tó ti dàgbà. Mo ní kó lo ẹ̀dà tó bá wù ú, ṣùgbọ́n kó má pa èyí tí a kọ́kọ́ yà rẹ́. Irú ápùù yẹn kì í wá ohun tó ti sọnù nínú bébà; ó ń fi ohun tó ti kọ́ lára ojú ẹgbẹẹgbẹ̀rún àjèjì dí àyè ibẹ̀ ni. Nínú bébà tó wà lára ògiri yẹn, gbogbo wóró fàdákà tó wà lójú Táíwò, ìmọ́lẹ̀ tó kàn wọ́n ti ara ọmọ ìyá rẹ̀ wá.

Ọmọ náà gbọ́, ó sì gbìyànjú ẹ̀ lórí ẹ̀dà. Ó gbé e wá fún ìyá àgbà. Ìyá wò ó pẹ́ díẹ̀, ó bi í pé ọmọ ta nìyí.